Ohùn Ẹtu ní Ìdí Ìrókò Tó Wó

Ẹni tó bá ń pe ẹtu kì í ta pútú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo jókòó sí ìdí ìrókò kan tó wó, nínú igbó tó wà láàárín oko wa àti Odò-Orò. Mo fi ewé tútù bo ara mi látorí dé orúnkún. Ìyàwó mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Èmi nìkan ló kù fún àwọn ọmọ.

Mo di imú mú, mo ké bí ọmọ ẹtu tí nǹkan gbá mú. Ìyá ẹtu kì í lè fara da ohùn yẹn. Mo dákẹ́. Mo tún ké.

Ewé dún. Ẹtu a máa gbé ẹsẹ̀ kan, a dúró, a tún gbé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ń ṣe. Mo gbé ìbọn lé èjìká. Ìgbà náà ni mo gbọ́ “kẹ́”.

Ẹtu kì í fa irin ìbọn sókè. Ọdẹ mìíràn ló gbọ́ igbe mi, tó ń bọ̀ wá pa mí jẹ. Bí mo bá dìde, ewé á mì, á yìnbọn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyẹn ló tún burú jù. Àwọn àgbà ọdẹ wa kì í dáhùn ohùn ènìyàn tó bá jáde níbi tí ẹranko ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ké. Wọ́n ní iwin ni. Ìbọn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Òógùn ń ṣàn sí mi lójú, n kò lè nù ún. Kí ni iwin kì í ṣe?

Mo bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn, jẹ́jẹ́, láìmira. Mo ń ṣì í kọ. Mo bọ́ sí ẹsẹ kejì.

“Kò síwin tó máa kọrin burú báyìí,” ohùn àgbàlagbà kan ní. “Ṣé ìwọ tí wọ́n lé ní kwáyà yẹn ni?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbọn kúrò lára mi.”

Bàbá tí oko kòkó rẹ̀ bá tèmi pààlà ni. Ó yọ lẹ́yìn igi, kò jìnnà rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, irin ìbọn náà ṣì wà lókè.

“Gbà á. Bá mi dá irin yẹn padà. Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́.”

Mo gbà á, mo rọra dá a padà.

“Ó yá, dìde, ká máa lọ ulé.”

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ó wò mí, ó bá jókòó tì mí sínú ewé.