Wọ́n Ní Kí Kápténì Wá Ṣe Tráyàlì

Fẹ́mi, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò láti Ìgbókòdá wá sí Òde Ugbò, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ẹ fara balẹ̀ o, kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣe mí, nítorí inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò tíì tán nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé mi nígbà tí Fẹ́mi dín ẹ́ńjìnnì kù, tó sì kígbe láti orí omi pé, "Bàbá Dúpẹ́! Kóòṣì yín ti lọ o! Èmi ni mo gbé e. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì ló wọ̀ lé ara wọn, kò sì bojú wẹ̀yìn!"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo rò pé wàhálà ti parí nìyẹn. Èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí!

Ṣé ẹ rí i, èmi ni igbákejì kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìgbì Òkun. Ọmọ mi ni gbogbo àwọn tó ń gbá a. Èmi ni mo kọ́ wọn láti kékeré, nígbà tí bọ́ọ̀lù ga ju orúnkún wọn lọ. Apẹja ni wọ́n. A kì í fi aago pe ara wa sí pápá. Nígbà tí omi bá fà, tí iyanrìn yọ, kálukú mọ̀ pé àkókò tó. Omi ni aago wa.

Alága ló ni ẹgbẹ́ náà. Ó jù mí lọ dáadáa, Àkúrẹ́ ló sì ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ ibí ni. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn láé: òun ló kó iyanrìn dí irà tó di pápá wa, òun ló ra òpó gólì onírin. Bí èèyàn ò bá sọ ìyẹn, Ọlọ́run á bi í.

Òun náà ló sọ pé ó tó àkókò kí a ní kóòṣì tó ní ìwé. Ó mú ọkùnrin kan wá láti òkè, níbi tí wọn ò ti mọ ìṣe omi, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú báàgì. Òfin méjì ni ọkùnrin náà gbé kalẹ̀. Èkíní, aago mẹ́rin géérégé ni eré ìdárayá, omi kún o, omi fà o. Èkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sókun bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìdíje.

Ìgbà wo ló sì wá ṣe òfin yìí? Ìgbà tí edé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde! Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa, ẹ bá mi dáhùn: bí edé bá jáde, ta ní ń jókòó sílé? Pásítọ̀ pàápàá máa ń gé ìwàásù kúrú.

Ọmọ́yẹlé, kápténì wa, lọ bá a ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Kóòṣì, bí n kò bá lọ sókun lọ́sẹ̀ yìí, ta ni yóò ṣàlàyé fún ìyàwó mi? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi bá a sọ̀rọ̀ ni?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti yọ Ọmọ́yẹlé àti mẹ́rìnlá míràn tó lọ sókun kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wá láti òkè. Alága gbà fún un. Àwọn ará Mólútẹ̀hìn wá jẹ wá ní góólù márùn-ún sí òdo lórí pápá tiwa. Lẹ́yìn èyí ni kóòṣì kó ẹrù, tí àwọn tó kó wá náà sì tẹ̀ lé e. Ibi tí Fẹ́mi ti bá ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo pe Alága lójú ẹsẹ̀. Mo ní, Alága, kò burú, kò sí ẹni tí àṣìṣe kì í bá. Ẹ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ gbólóhùn kan péré, pé ó dùn yín. Wọ́n á padà kí omi tó fà. Mo rán an létí pé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a máa bá ẹgbẹ́ Étíkàn pàdé, pé bí a kò bá yọjú, wọ́n á yọ wá nínú ìdíje ọdún yìí pátápátá. Ó ní òun á ronú sí i.

Ó ronú lóòótọ́! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ohùn rẹ̀ bọ́ sórí gúrúùpù Wátsáàpù wa. Ó ní láti òní lọ, kò sí ẹni tó ní àyè kankan nínú Ìgbì Òkun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún òun, ì báà jẹ́ kápténì, kó wá ṣe tráyàlì, ìyẹn ìdánwò bọ́ọ̀lù gbígbá, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́rin. Bàbá Dúpẹ́ ni yóò fọn fèrè.

Tráyàlì! Kí Ọmọ́yẹlé wá ṣe tráyàlì!

Ṣégun tó ń ṣọ́ gólì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ká mú ìwé ìbí dání?" Òmíràn ní ṣé kí ìyá òun wá jẹ́rìí pé òun mọ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rín sọ lórí gúrúùpù títí. Ọmọ́yẹlé ní tirẹ̀ kàn kọ ọ́ pé, "A gbọ́, sà." Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mo tún pe Alága. Mo sọ fún un pé aago mẹ́rin Ọjọ́rú, omi á ṣì wà lórí pápá.

Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, sọ fún omi pé Alága ló pe ìpàdé."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, pé kì í ṣe àwọn ọmọ ló gba kóòṣì yẹn. Ṣé ẹ mọ èsì tó fún mi? Ó ní bí òun bá bẹ̀ wọ́n lónìí, lọ́la wọ́n á ní kí òun máa bá àwọn gbé bàtà.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Ó yẹ kí n sọ pé, Alága, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa fọn fèrè yẹn. Mi ò sọ ọ́. Mo rò pé bí mo bá kọ̀, ó lè bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí irà tún gba pápá padà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Fèrè ló wà lẹ́nu mi.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Alága dé pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n gbé àga oníke sí i lábẹ́ agboòrùn ńlá. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa lórí pápá. Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò ní wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọkọ̀ méjì yọ. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀! Mo ní Ọlọ́run ti bá wa ṣe é.

Wọ́n tò sórí ìlà. Alága ní kí wọ́n máa dárúkọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́yẹlé, ọmọ tí Alága fúnra rẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì àgbà níbi ìgbéyàwó rẹ̀, ó bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ? Ibo lo máa ń gbá?"

"Ọmọ́yẹlé ni, sà. Àárín ni mo ń gbá, sà. Ibẹ̀ náà lẹ ti bá mi, sà."

Mo fọn fèrè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ mọ̀ pé omi kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí. Wọn ò jẹ́ kó kan omi! Láti ẹsẹ̀ sí orúnkún, láti orúnkún sí orí, wọ́n ń jù ú fún ara wọn bí ẹni ń ju ẹja láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn. Alága dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, kò mọ̀ pé àga òun ti ṣubú, ó ń bá omi lọ. Àwọn obìnrin tó ń wòran láti ẹnu ilé ń kígbe pé, "Alága, àga yín ń lọ sókun!"

Tayọ̀tayọ̀ ni Alága fi ka orúkọ. Ó ní gbogbo wọn ló yege.

Ọmọ́yẹlé tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan omi láti kí i. Ó ní, "A dúpẹ́, Alága. A wá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀rù ló bà wá. Ẹ ti wò wá, ẹ ní a yege. Àwa náà ti wò yín. Ó dàbọ̀, sà."

Wọ́n yíjú sí ọkọ̀ wọn, wọ́n ń lọ. Nígbà tí Ọmọ́yẹlé dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin lẹ fọn ọ́n?"

Mo yọ fèrè lẹ́nu, mo sì tì í bọ àpò.

Sátidé dé. Mo gbé báàgì jẹ́sì lọ sí èbúté. Èèyàn mẹ́rin ló wá, méjì nínú wọn kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí. Òfin bọ́ọ̀lù ní bí èèyàn ò bá pé méje, kò sí ìdíje. Mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ Étíkàn, ó rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Ìgbì Òkun kẹ̀? Àbí ẹ́ńjìnnì yín ló bàjẹ́? Ẹ dúró síbẹ̀, a máa rán ọkọ̀ wá gbé yín!"

Mo ní rárá, ẹ́ńjìnnì wa ò bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe yọ wá nínú ìdíje nìyẹn.

Ẹ rò pé ó tán? Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, fóònù mi ò sinmi. Ẹ kú oríire, ẹ kú oríire. Oríire kí ni? Mo ṣí gúrúùpù. Alága ti kọ ọ́ síbẹ̀: kí gbogbo ènìyàn bá òun kí kóòṣì àgbà tuntun, Bàbá Dúpẹ́, ẹni tí yóò kó ẹgbẹ́ tuntun jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn tó lọ ti lọ. Kò bi mí, ẹ gbọ́ o! Kò pè mí! Ìyàwó mi dúró tì mí, ó ní, "Wọ́n fi ọ́ joyè, o ò sì sọ fún mi kí n ro púpurú kalẹ̀ de àlejò?"

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́ tí kò dáa kò dẹ́ṣẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí olórí bá ṣìnà, tó wá ní kí àwọn tó jìyà àṣìṣe rẹ̀ máa ṣe ìdánwò, kò sí ìwé kóòṣì tó lè tún un ṣe. Ẹ̀bẹ̀ kì í sọ àgbà di kékeré. Ẹ̀yin tí irú èyí ti bá níbi iṣẹ́, nínú ẹgbẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ kí n kà á, ó ṣe é ṣe kí n rí ọgbọ́n mú níbẹ̀.

Alága ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lẹ́nu mi lọ́la. Bí mo bá gbà, ẹgbẹ́ á wà, ṣùgbọ́n Ọmọ́yẹlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Bí mo bá kọ̀, bóyá ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ á tún wà. Ìwọ tó ń ka èyí, ká ní ìwọ ni, kí lo máa sọ fún un?