Àdúrà Bàbá Wa Lẹ́yìn Ìròyìn Òwúrọ̀

Ó dàárọ̀ o, Bàbá. Ó di ìgbà tí a bá tún pàdé lẹ́sẹ̀ Olúwa, nítorí nínú ilé yìí, a kò ní rí yín mọ́. Mo kọ gbólóhùn yẹn, mo tún un kà, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn ènìyàn ní ẹkún ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń retí rẹ̀. Mo ti dá àwọn tó wá kí wa lóhùn, mo ti yan àwòrán tí ó wà níwájú ìwé ètò ìsìnkú yìí, ojú mi ṣì gbẹ.

Òṣìṣẹ́ káńsù ní Ìlọ́fà tí ẹnu rẹ̀ kì í yẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, àgbà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀sì, ọkọ Ìyá wa, baba tí gbogbo àdúgbò ń pè ní baba. Ẹnikẹ́ni tó bá sun ilé wa rí mọ̀ pé orin àdúrà òwúrọ̀ kì í ṣáájú rédíò níbẹ̀. Àwa ọmọ yóò jókòó, wọn yóò ka ìròyìn òwúrọ̀ tán, ẹ ó pa rédíò, ẹ ó sì béèrè ní ohùn ilé wa pé, "Ta la gbọ́ nínú ùròyìn yí tí a ó bá Olúa sọ̀rọ̀ rẹ̀?" Olúkúlùkù yóò mú ẹnì kan: ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ, adájọ́, olè tí ọwọ́ tẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sábà máa ń mú mínísítà, ẹni tí ẹ ti bú dáadáa kí omi ẹ̀kọ tó hó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń fi ènìyàn kan tó rí lórí fóònù rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní kí ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún ẹni náà ná. Ó máa ń pa ẹ̀rín mọ́ wa lẹ́nu.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ ń fọ abọ́. Àwọn ọkùnrin ìjọ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dá wọn lóhùn pé Jésù fọ ẹsẹ̀, ṣé abọ́ ọbẹ̀ ló wá wúwo jù fún àwọn? Ẹ sì ń bá abọ́ yín lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn wọ ilé wa. Wọ́n jí Déjì, ẹ̀gbọ́n mi, gbé lójú ọ̀nà oko. Olúwa dá a padà fún wa. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, rédíò sọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, ẹ pa rédíò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì mú àwọn tó gbé e fún àdúrà. Ẹ ní kí ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n láàyè, kí Olúwa yí ọkàn wọn padà, kí wọ́n má kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Déjì dìde. Ó ní, "Bàbá, àpá okùn wọn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi." Ó jáde, kò sì bá wa ṣe àdúrà òwúrọ̀ mọ́. Ó dùn mí fún un, mo sì sọ fún yín. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ẹ tọ̀nà tàbí ẹ ti yára jù.

Ẹ kò bá a jà. Ẹ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bó bá kàn án, ẹ ó wo àga náà, ẹ ó ní, "Ti Déjì ń bọ̀," a ó sì kọjá sí ẹlòmíràn. Lórí àìsàn pàápàá, ẹ ń sọ ọ́. Àdúrà Déjì nìkan ni ohun tí ẹ ń fẹ́ gbọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ kò sì gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ẹ kú, Ìyá wa tan rédíò bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá. Wọ́n ní àwọn kan tún ti bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé. Ìyá wa pa á. Kò sí ẹni tó béèrè ìbéèrè yín.

Déjì wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú temi." Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olúa, àwọn tó gbé mi lọ..." Ohùn rẹ̀ tán síbẹ̀. Kò lè sọ ohun tó fẹ́ kí Olúwa ṣe fún wọn. Nígbà tó pẹ́, Ìyá wa ní, "Àmín," gbogbo wa sì ní, "Àmín." N kò sunkún nígbà náà pẹ̀lú. Déjì ló ní kí n kọ ọ́ síbí, nítorí ẹ kò sí níbẹ̀.

Bàbá, ti Déjì ti dé. Ẹ sùn re o.