Báńjò Tí Mo Ní Èmi Ni Mo Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọge, lónìí ni mo fẹ́ tú u sílẹ̀. Ọkọ mi ò gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ ọ rí. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì bú mi, mo ti gbà.

Ayé SAP ni, nígbà tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, ẹ̀yin àgbà mọ ìgbà tí mò ń wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé àwọn olùkọ́ni ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé mi lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Rísí ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo di Tíṣà! Ẹ ò mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dùn mọ́ mi létí tó.

Kò sí ohun èlò kankan níléèwé nígbà náà. Ṣọ́ọ̀kì pàápàá, kíkán la ń kán an sí méjì kó lè kárí. Ni inspẹ́kítọ̀ wa bá kọ̀wé pé kí tíṣà kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tó máa fi kọ́ àwọn ọmọ, òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ tí a bá parí táàmù. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, wọ́n á rán an lọ sí Ìbàdàn kó lọ fi han àwọn tíṣà ìyókù.

Ìbàdàn! Èmi tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ!

Orin ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá onílé mi sì rèé, Bàbá Díákónì, ó ti ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó míṣọ́n ará Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ó fi àwòrán kan hàn mí nínú ìwé ìròyìn wọn tó ti gbó: òyìnbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta báńjò, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá, èyí tí wọ́n fi àpótí sìgá ṣe. Kì í ṣe sìgá páálí tí ẹ mọ̀ o. Sìgá gbọọrọ tó nípọn bí àtàǹpàkò ni, inú àpótí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń tò ó sí. Bàbá ní irú àpótí náà kan, ìṣó ló ń kó sínú rẹ̀. Mo béèrè pé kí ni òyìnbó ajíhìnrere ń fi sìgá ṣe? Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bi òun. Ó da ìṣó rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ní kí n máa mú àpótí lọ.

Mo kọ́kọ́ dán an wò fúnra mi. Yéè! Mo fi ọ̀bẹ ìdáná lu ihò sí i, ó là. Mo fi igi ṣe ọrùn rẹ̀, mo fi okùn ìpẹja ṣe okùn rẹ̀. Nígbà tí mo ta á, ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá já lé páànù lórí. Gbogbo ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé e, ó di Ọ̀yọ́, ó di ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Múfú.

Oníṣẹ́ awọ ni Bọ̀dá Múfú. Awọ ewúrẹ́ ló fi ń rán báàgì àti tìmùtìmù ní ìsọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa. Òun ló máa ń gbé mi sọ́rùn lọ sílé kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Yàtọ̀ sí ilé kéwú, kò lọ iléèwé kankan.

Ó wo ohun tí mo gbé wá, ó wò mí, ó ní, "Rísí, ta lo fẹ́ fi igi yìí nà?"

Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Sátidé mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó fi góòmù di ojú ibi tó là, ó gé ihò rìbìtì sí ìdérí rẹ̀. Ó fá awọ ewúrẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́, tí mo lè rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó nà án bo ojú ihò náà, ó kan ìṣó kéékèèké yí i ká. Ó gbẹ́ ọrùn tuntun fún un lára igi ọ̀mọ̀. Okùn ńkọ́? Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló tú, ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ nínú rẹ̀, ó fi mẹ́rin sí i.

Kí ni iṣẹ́ tèmi? Mo pọn omi. Mo bá a di etí awọ mú. Mo jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ó tán.

Lọ́jọ́ tó parí, ó ta á, ohùn rẹ̀ sì dún gooro! Àwọn oníṣẹ́ awọ yòókù sáré wá. Bọ̀dá Múfú ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láyé mi, wọ́n ń jókòó lé e ni, àbí kí wọ́n kó ẹrù sí i. Èyí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni inspẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Mo sọ fún un. Mi ò rò ó pé ó lè wá.

Nígbà tọ́jọ́ pé, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Àwọn òbí kún inú họ́ọ̀lù. Tíṣà kan fi páálí ṣe aago, ẹlòmíràn ya máàpù sára àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tó kàn mí, àwọn ọmọ mi kọrin, mo sì ń ta báńjò sí i. Ẹ ò bá rí àwọn èèyàn! Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Inspẹ́kítọ̀ gba báńjò lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó béèrè ẹni tó ṣe é.

Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ìbéèrè yẹn le? Orúkọ kan péré ni kí n dá!

Mo ní, "Èmi ni, sà. Èmi nìkan ni mo dá a ṣe."

Kí ló fà á? Mo ti bi ara mi títí. Mo ń bẹ̀rù kí Ìbàdàn má bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ tó burú jùyẹn lọ: ojú ń tì mí láti sọ níwájú inspẹ́kítọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀wé ló bá mi ṣe é. Irọ́ náà tilẹ̀ dùn lẹ́nu mi, mo fi kún un! Mo ní èmi ni mo fá awọ náà, pé odindi ọjọ́ mẹ́ta ni yàrá mi fi ń rùn. Gbogbo họ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín.

Inspẹ́kítọ̀ ní kí n tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣé òtútù òjò ti mú awọ náà, ó ti dẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti kú. Inspẹ́kítọ̀ ní kò sí wàhálà, ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, kí n tún un ṣe lójú gbogbo wọn kí àwọn tíṣà yòókù lè kọ́ ọ.

Kí n tún kí ni ṣe? Mo lọ́ ibí, mo lọ́ ọ̀hún, okùn kan já pàù! Òógùn bò mí.

Ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá fèrèsé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bá Tíṣà dì í mú?"

Mo gbójú sókè. Bọ̀dá Múfú ni! Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí Yídì ló wọ̀, ẹrẹ̀ ti gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Àṣé láti Takie, níbi tí mọ́tò Ọ̀yọ́ ti ń já èrò, ló ti fẹsẹ̀ rìn wá nínú òjò. Ó ti wà níbi fèrèsé yẹn látìgbà tí àwọn ọmọ ti ń kọrin. Kò sí èyí tí kò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Kò wojú mi. Ó gba báńjò, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi awọ náà yá iná díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èékánná kàn án, ó ń tẹ́tí sí i. Ó yọ wáyà lápò, ó fi rọ́pò èyí tó já. Àṣé ó ti mú un dání láti ilé! Ó ta á, ó dún gooro. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, bí ẹni ń gbé nǹkan fún àgbà.

Inspẹ́kítọ̀ bi í pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Bọ̀dá Múfú ní, "Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni, sà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi."

Àwọn! Wọ́n! Èmi tó gbé sọ́rùn! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gbá mi létí.

Kí a tó ṣe àdúrà tán, ó ti lọ. Ṣé mo sáré tẹ̀ lé e lọ sí Takie? Rárá o. Mo jókòó ti inspẹ́kítọ̀, mo ń jẹ ráìsì. Ẹ ṣáà má bú mi tán o, ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé: èmi ni wọ́n mú fún Ìbàdàn. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Mi ò lè lọ sí Ọ̀yọ́ nínú họ́lídè yẹn, mo ń purọ́ fún ìyá mi pé iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó sú mi, mo gba ilé ọ̀gá àgbà iléèwé wa lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ọ̀gá àgbà náà, ìyá àgbàlagbà kan, yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ì bá sàn ká ní àga iléèwé lo jí, à bá ní kí o gbé e padà wá. Èyí tí o jí yìí, báwo lo ṣe fẹ́ dá a padà?"

Ó ní kí n fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí inspẹ́kítọ̀. Mo kọ ọ́. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò, wọ́n sì fún mi ní kúẹ́rì, ìwé ìbáwí. Inspẹ́kítọ̀ wá kọ lẹ́tà mìíràn sí Bọ̀dá Múfú pé kí Bọ̀dá fúnra rẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n ní kí n mú lẹ́tà náà lọ fún un.

Tìmùtìmù ló ń rán nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, Rísí ni o."

Ó rán ojú ibi tó wà tán, ó wá ní, "Gbogbo ìsọ̀ yìí ló mọ ibi tí mò ń lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sìn mí dé gáréèjì, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Nígbà tí mo dé, wọ́n bi mí pé kí ni inspẹ́kítọ̀ wí nípa iṣẹ́ mi. Mo ní òjò kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ó wá gbójú sókè wò mí. "Irọ́ méjì lẹ jẹ́ kí n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ti ọ̀dọ̀ inspẹ́kítọ̀ kò dùn mí púpọ̀, mo rí i pé ẹkún ti dé ojú yín. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n."

Mo sunkún títí. Mo na lẹ́tà sí i. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n kà, kí n kà á fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ni ó ṣe báńjò náà, ó dá mi dúró.

"Ẹ dìde dúró kẹ́ ẹ tún ibẹ̀ kà. Ẹ kà á sókè."

Mo dìde. Mo kà á. Àwọn oníṣẹ́ awọ ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú omijé lójú, kí n tó fẹnu ara mi sọ fún wọn ohun tí mo ṣe.

Ó lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn tíṣà ò fẹ́ kó padà sílé. Ó dárí jì mí, ó wá sí ìgbéyàwó mi, ó sì gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n títí Ọlọ́run fi pè é, kò pè mí ní Rísí mọ́. "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà." Bó ṣe ń kí mi nìyẹn, lọ́dọọdún.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹni tó bá bá ọ ṣiṣẹ́, dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lójú èèyàn. Àforíjì wà, ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo nǹkan padà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti gba ìyìn iṣẹ́ ẹlòmíràn rí, àbí ẹnìkan ti gba tiyín? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí. Bí onítọ̀hún bá sì wà láyé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Tèmi ti lọ. Mùfútáù ni, oníṣẹ́ awọ, ará Ọ̀yọ́.