Òkúta àti Ewúrẹ́

Àbúrò mi obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé láti yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Beholder. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹni tó ń wo nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni èdè náà ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́, àfi nínú òwe wọn kan tó ní ojú ẹni tó ń wòran ni ẹwà wà.

Bàbá wa ò ríran mọ́ nígbà yẹn. Nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, àbúrò mi á máa ròyìn òkè ìlú wa fún un: bí oòrùn ṣe fi osùn kun àpáta, bí àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní Arigbo ṣe tò lọ bíi lékeléke. Bàbá á máa rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ ní Bihóda.

"Bihóda mi dà?"

Èmi tí mò ń fọṣọ rẹ̀, tí mò ń gún iyán rẹ̀, kò sọ mí ní nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Owú jẹ mí débi pé mo ń mọ̀ọ́mọ̀ da ata púpọ̀ sí ọbẹ̀ àbúrò mi.

Nígbà tó ríṣẹ́ sí Kutọnu, ó kàn mí láti máa ròyìn.

"Kí lo rí?" Bàbá bi mí.

"Òkúta ni, Bàbá. Òkúta àti ewúrẹ́."

"Hẹn-ẹ́n." Kò rẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń purọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní igi oṣè ìsàlẹ̀ òkè ti rúwé, ẹyẹ kún orí rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n gé lésìí? Mo gbọ́ ìgbà tó wó."

Ojú tì mí, mo bú sẹ́kún. "Èmi náà fẹ́ kẹ́ ẹ pè mí ní Bihóda ni."

"Irọ́ dídùn ni àbúrò rẹ ń pa fún mi, mo sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí o ní òkúta àti ewúrẹ́, mo rí òkè mi. Mo ń retí kó o tún un sọ, o ò sọ ọ́ mọ́."

Títí dòní kò tíì pè mí ní Bihóda. Bí àbúrò mi bá pè é lórí fóònù, orúkọ yẹn ló fi ń dá a lóhùn, owú á sì tún jẹ mí. Lánàá, Bàbá bi mí ohun tí mo rí.

"Òkúta, Bàbá. Ewúrẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ń tiro."

Ó na ọrùn síwájú. "Ẹsẹ̀ wo?"