Òwú Tí Bàbá Ògúntúndé Kò Gé

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Bàbá Ògúntúndé fún àwọn awakọ̀ àtijọ́ ní gáréèjì Challenge, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó béèrè pé ṣé bàbá olówùú tó dá ọkọ̀ dúró lẹ ń wí.

Moróunkẹ́ wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, lọ́dún 1984. Ilé bàbá ní Agbowó ni òun àti ọkọ rẹ̀ háyà, òun àti bàbá sì jọ wá kí aláìsàn kan ní Challenge ni. Súwẹ́tà ọmọdé funfun kan ni bàbá ń hun lórí ìjókòó. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọra jáde ní gáréèjì, súwẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé bóòlù òwú ti yí gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì ń tú lọ láàárín èrò. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ fa abẹfẹ́lẹ́ yọ, ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun gé e kí àwọn máa lọ.

"Bí o bá gé òwú yìí," ni bàbá wí jẹ́jẹ́, "èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa sùn sí gáréèjì yìí. A kì í gé òwú ọmọ tí kò tíì dé."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká òwú rẹ̀ padà. Ó gba abẹ́ lọ́rì kọjá, ó yí ìyá ọlọ́sàn kan po, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ gáréèjì kan tí òwú ti wé mọ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ gáréèjì tí gbogbo ayé ń sá fún yìí gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni tí ẹ̀gún gún títí bàbá fi tú u tán, ló bá sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá òwú, ó ń lé àwọn ọlọ́kọ̀ sẹ́yìn kí wọ́n má tẹ òwú bàbá. Àwọn èrò ọkọ̀ tó ti ń bú bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ṣa koríko kúrò lára òwú. Moróunkẹ́ nìkan ló jókòó sínú ọkọ̀ tó fọwọ́ bojú, nítorí ó mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń hun súwẹ́tà náà dè. Nígbà tí bàbá padà wọlé, ó wo dẹ́rẹ́bà, ó ní kí ló tún ń dúró ṣe, ṣé kò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ ni.

Ọmọ Ṣakí ni bàbá, oníjọ Bàtíìsì paraku ni, Rélùwéè ní Dúgbẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tó sùn sí ọsibítù fún oṣù mẹ́rin, ló kọ́ aṣọ híhun. Ó ń ráhùn ju gbogbo aláìsàn lọ, ni nọ́ọ̀sì kan bá fún un ní òwú àti irin ìhunṣọ méjì, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dí, kí ẹnu rẹ̀ sì sinmi. Ọwọ́ dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò gbà.

Nígbà tó délé, kò sí ohun tó tún wà níhòòhò mọ́. Rédíò ní ẹ̀wù, tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀wù, kẹ́túlù dé fìlà. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Láwùmí, ṣàròyé pé rédíò ní aṣọ ju òun lọ. Bàbá bá hun kádígàn fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó gùn dé orúnkún, ni màmá bá béèrè bóyá òun àti rédíò ni kí àwọn jọ máa wọ̀ ọ́.

Ohun tó fà á ni pé bàbá kì í wọn ènìyàn. Ó ní ojú òun ni téépù òun. Abíọ́dún, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, fún un ní téépù tuntun nígbà tó rí ìbọ̀sẹ̀ tí bàbá hun fún òun, tó gùn dé itan. Bàbá gbà á, ó dúpẹ́ gidigidi, ó sì fi di ẹnu àpò òwú rẹ̀. Ẹni tó bá ní aṣọ òun ti tóbi jù, èsì kan náà ni yóò gbọ́: "Wàá dàgbà bá a." Ó sọ ọ́ fún ìyá àádọ́rin ọdún kan rí.

Ti súwẹ́tà funfun yẹn ni kò pa Moróunkẹ́ lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bímọ, kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́ta láyé nínú àwọn méjèèjì. Ó ti kó gbogbo aṣọ ọmọ tọrẹ, nítorí ojú rẹ̀ kò gbà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbọ́n kì í pèsè aṣọ de ọmọ inú, áḿbọ̀sìbọ́sí èyí tí a kò tíì lóyún rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí òwú náà lọ́wọ́ bàbá, tí bàbá ní ọmọ rẹ̀ ni òun ń hun ún dè, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u. Ẹ̀rù ń bà mí."

Bàbá gbé irin ìhunṣọ sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. "Ìyàwó wa," ó ní, "aṣọ tí a kò tíì gé òwú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Òwú ni. Ta ló ní kí arúgbó má fi òwú ṣeré? Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ bá dé, ìwọ fúnra ẹ lo máa gé e."

Moróunkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, bàbá á gbé súwẹ́tà sókè láìsọ̀rọ̀, kó lè rí i pé òwú ṣì so mọ́ ọn. Nígbà tó yá, bí bàbá bá gbàgbé láti gbé e sókè, òun fúnra rẹ̀ ló ń dúró wò ó.

Ọyẹ́ ọdún 1986 ni bàbá kú, lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́sàn-án, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ẹni tó hun nǹkan fún ló wọ̀ ọ́ wá. Ẹni tó bá rí apá aṣọ tó ń gbé ọwọ́ mì àti fìlà tó ń bojú, á rò pé ṣe ni gbogbo ìjọ yá aṣọ ẹ̀gbọ́n wọn wọ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ọwọ́ súwẹ́tà nu ojú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Màmá Láwùmí gbé àpò òwú, tí súwẹ́tà funfun náà wà nínú rẹ̀ tòun ti òwú tí bàbá kò gé, fún Moróunkẹ́, ó ní tirẹ̀ ni. Moróunkẹ́ gbé e sórí àpótí, kò tú u.

Lọ́dún 1988, ó bí Fọláyọ̀. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, kò tú àpò. Oṣù kan pé, oṣù méjì pé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń ka ọjọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, ó gbé àpò sọ̀ kalẹ̀, ó sì ké sí Màmá Láwùmí, ó ní kí Abíọ́dún náà mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wá.

Wọ́n tẹ́ súwẹ́tà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ Fọláyọ̀ sórí rẹ̀. Àyè ṣẹ́ kù fún ọmọ méjì sí i. Abíọ́dún mú téépù rẹ̀ tí wọ́n tú kúrò lẹ́nu àpò, ó sì wọn iṣẹ́ bàbá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò bá mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màmá Láwùmí fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ìgbà náà ló yé Moróunkẹ́. Nígbà tí gbogbo ènìyàn, títí kan òun ìyá, ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ ṣáà dúró, bàbá nìkan ló ń hun èyí tí ọmọ náà yóò wọ̀ lọ sílé ìwé.

Ó gba sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú náà, ó sì fi súwẹ́tà wé ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wàá dàgbà bá a," ó ní.