Àwọn Ọmọ Tó Ń Fi Haúsá Dáhùn

Fọláwùmí kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ ní Niger Street ní Kánò, níbi tó ti ń dáná tà fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Laraba, obìnrin Haúsá tó ń din àkàrà ní Noman's Land, ni Olúgbémi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń jẹun, tó ti ń sùn lọ́sàn-án, tó sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ní kó mú àga wá, á mú un wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti la ẹnu, Haúsá ni. Kò sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Sabon Gari ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1978 ni Henry Adébísí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀. Ọmọ ìjọ Àládùúrà tí Fọláwùmí ń lọ ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní yunifásítì ní Zaria. Ó kó àwọn ọmọ Sunday school jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó fi àwòrán hàn wọ́n, ó fi èdè òyìnbó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì fún olúkúlùkù ní máàkì. Ó tún bi àwọn òbí léèrè èdè tí ọmọ wọn fi ń dá wọn lóhùn nílé. Nígbà ọyẹ́, wòlíì ní kó wá sọ ohun tó rí fún ìjọ.

"Àwọn ọmọ tó ń fi Haúsá dá òbí lóhùn," Henry wí, "máàkì wọn kéré sí ti àwọn yòókù."

Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun ò tíì mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn? Agogo ti ń dún, ìjọ ti ń ké halelúyà, wòlíì sì ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní Ọlọ́run ti fi ohun tó ń jẹ ọpọlọ àwọn ọmọ hàn. Ó pàṣẹ pé ọmọ tó bá fi Haúsá sọ̀rọ̀ nílé, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn títí yóò fi sọ Yorùbá.

Adéríbigbé, ọkọ Fọláwùmí, kò fi àṣẹ náà ṣeré. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Olúgbémi tọrọ omi ní Haúsá. Bàbá rẹ̀ ń wo ògiri. Ọmọ tún un sọ, ó fa ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó sunkún títí. Fọláwùmí gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó fún un lómi níbẹ̀ bí ẹni tó ń jalè.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá Henry nílé rẹ̀ ní Hotoro.

"Bùrọ̀dá Henry, ṣé Haúsá ló ń ba ọpọlọ ọmọ mi jẹ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mo ní mo rí méjèèjì pa pọ̀ ni. Ẹ wo ọyẹ́ tó wà níta yìí. Ètè gbogbo èèyàn ti là, gbogbo èèyàn sì ti wọ súwẹ́tà. Ṣé súwẹ́tà ló la ètè?"

"Rárá. Ọyẹ́ ni."

"Ẹ ẹ̀ rí i? Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn tiwa náà. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ẹ fún mi di ìgbà òjò."

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Adéríbigbé fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Máàkì kéré àbí kò kéré? So, kí ọmọ mi máa ya dìndìnrìn lọ di ìgbà òjò nítorí súwẹ́tà?"

Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní abà kan lẹ́yìn Ọ̀fà, níbi tí ẹnì kankan kò ti gbọ́ Haúsá. Laraba sunkún lójú ọ̀nà, ó ń béèrè ohun tí òun ṣe. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ń ba Fọláwùmí náà. Ojú ń tì í nínú ìjọ, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní olórí pípé, nítorí náà kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ohun tó dùn ún jù lọ títí ayé nìyẹn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Henry sáré wọ ilé oúnjẹ Fọláwùmí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ti rí i, mà! Àwọn tó ń fi Haúsá dáhùn, àwọn ni ìyá wọn máa ń ti ìdájí jáde. Ebi ń pa wọ́n wá sí Sunday school ni, èmi náà tún wá ń bi wọ́n lédè òyìnbó. Mo fún wọn ní búrẹ́dì, mo fi Haúsá bi wọ́n. Wọn ò kéré sí ẹnikẹ́ni mọ́."

Fọláwùmí bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ìkòkò sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò tiẹ̀ dúró sọ fún ọkọ rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ro bí òun ṣe máa bá ọmọ náà sọ Haúsá títí á fi sú u.

Ní abà, ìyá ọkọ rẹ̀ rí i lókèèrè, ó bú sẹ́kún. Ìjẹta ni wọ́n sin Olúgbémi. Ẹni tí wọ́n rán sí Kánò ti gba ọ̀nà lọ bí òun ṣe ń bọ̀.

Fọláwùmí di apá ìyá àgbà mú.

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Ara rẹ̀ gbóná. Ó ká jọ sórí ẹní, ó ń sunkún. Mo rò pé àárò rẹ ló ń sọ ọ́."

"Kò sọ nǹkan kan?"

"Ó sọ̀rọ̀ títí. Èdè yẹn ni. Ọkọ rẹ sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, àfi tó bá sọ Yorùbá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, 'Gbémi, sọ ọ́ ní Yorùbá.' 'Cikina' ló ṣáà ń wí. 'Cikina, cikina.' Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Fọláwùmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Inú ló ní ó ń run òun."

"Inú?" Ìyá àgbà di orí mú. "Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá ti gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà."

"Ó sọ fún yín, Màmá."