Safiyat Kò Gbọdọ̀ Rù

Ní àdúgbò Balógun l'Ọ́fà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ déédéé fún ọkùnrin, ara ìyàwó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Alhaji Ràímì tó ń ta sìmẹ́ńtì mọ èyí dájú. Aránṣọ ni Safiyat ìyàwó rẹ̀, ó sì sanra débi pé orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kì í ṣe àga. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Alhaji ń tọ́jú ẹ o!" Ràímì á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Kò sẹ́ni tó bi obìnrin náà bó ṣe ń sùn. Ìjókòó ló ń sùn. Á to ìrọ̀rí sẹ́yìn, nítorí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò ọkàn rẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, kí Mummy lọ dín ẹ̀bà kù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà wú jókòó tì í. Òun ni wọ́n dá dúró, tí wọ́n fún ní bẹ́ẹ̀dì. Safiyat bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀. Ara kò fúyẹ́, ńṣe ló tún wú sí i. Àwọn oníbàárà ń fi í ṣẹ̀sín: "Ìyá Rídwàn, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa nínú ìkòkò o!" Ẹlẹ́nu burúkú ni wọ́n, n ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó dákú sídìí ẹ̀rọ, Ràímì gbé e lọ sí Ìlọrin. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Susannah tún ya ọkàn náà, ó sì jókòó ṣàlàyé fún wọn.

"Daddy, ọkàn ń jẹun bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń jẹun. Bí èèyàn bá sanra jù, ọ̀rá tó ń bá ọkàn á pọ̀ ju èyí tó lè lò lọ. Á máa gbé e mì, kò sì ní rí agbára tó fà yọ níbẹ̀. Tọkùnrin sábà máa ń rọ, kò ní lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Tàwa obìnrin, pàápàá tá a bá sanra, líle ló sábà máa ń le: á fún, àmọ́ kò ní lè dẹ̀ kó gba ẹ̀jẹ̀ míì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ níjọ́sí pé nǹkan kan ò ṣe ọkàn Mummy."

Ràímì rẹ́rìn-ín. "Ọkàn náà tún mọ̀ pé obìnrin lòun?"

"Ó mọ̀, Daddy. Mummy ò sì jẹ̀bi nǹkan kan. Omi ló kún ara wọn. Oògùn yìí á fà á jáde, wọn ò sì gbọdọ̀ dá a dúró, kódà bí ara bá yá."

Safiyat lo oògùn. Ó tọ̀ títí. Ẹsẹ̀ fọn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gbàgbé bó ṣe rí tún yọjú. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó fẹsẹ̀ rìn dé téṣàn rélùwéè, ó sì padà wálé láìjókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Ó jókòó, ó dín gbogbo aṣọ rẹ̀ kù.

Ìgbà yẹn gan-an layé wá rí i pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nígbà tó ń kú lọ, wọ́n ń kí i kú oríire, nígbà tó ń yè bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀. Wọ́n ní ọjà Ràímì ti dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ní Ràímì ti kó àrùn wálé. Bẹ́ẹ̀, mọ́sálásí àdúgbò fẹ́ wé láwàní oyè fún un lẹ́yìn ààwẹ̀, oyè tó ti ń wá tipẹ́. Alhaja Àdìkẹ́, ẹ̀gbọ́n Ràímì obìnrin, wá sílé, ó wo Safiyat láti òkè délẹ̀.

"Ràímì, ṣé egungun yìí ni yóò jókòó tì ẹ́ lọ́jọ́ náà? Wọ́n á ní o ò lè bọ́ ìyàwó kan ṣoṣo."

"Oògùn ni, Alhaja," Safiyat dáhùn. "Omi ló kúrò lára mi. Mo ti ń rí èémí mí báyìí."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá ò ń mí?"

Lọ́jọ́ kejì, Ràímì kó oògùn náà kúrò nílé. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìyàwó rẹ̀ o. Ì bá sàn bó bá kórìíra rẹ̀, à bá mọ̀ pé ọ̀tá ni. Ó ní, "Jẹ́ kí láwàní kọjá ná, Ìyá Rídwàn. Màá kó o padà fún ẹ. Ẹnu ayé lẹbọ."

"Alhaji, dókítà ní mi ò gbọdọ̀..."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

 Safiyat mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó láàárín ọjà, òun náà sì ti ń tijú ara tó rù. Ó gbà.

Ara padà dé wéré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, apá kún, ó tún tú gbogbo aṣọ tó dín. Lọ́jọ́ láwàní, wọ́n gbé e jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Kò lè dìde kí ẹnikẹ́ni; wọ́n ní ìyàwó ọlọ́lá kì í dìde. Ó ń mí gúlegúle. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ooru ń mú ọlọ́ràá. Àyà rẹ̀ ń ho bí omi orí iná. Ó fa agbádá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Oògùn mi." Àwọn èèyàn ń bá Ràímì ya fọ́tò lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Nígbà tí lémọ́ọ̀mù parí àdúrà, tí gbogbo èèyàn ṣe àmín, Safiyat nìkan ni kò ṣe é.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ó wúwo débi pé wọ́n ní láti pe èèyàn kún àwọn tó ń gbé e. Nígbà tí wọ́n ń ti itẹ́ òkú bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan di ọwọ́ Ràímì mú.

"Alhaji, Ọlọ́hun á rọ̀ yín lójú. Gbogbo wa la rí i pé ẹ tọ́jú ẹ̀. Ebi kọ́ ló pa á."

Omijé ṣì wà lójú Ràímì. Ó fọwọ́ tún láwàní orí rẹ̀ ṣe, ó ní, "A dúpẹ́, Bàbá."